Ẹni Tí Kò Tíì Bọ́jú

Ọjọ́ tí ayé wa dàrú, ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ilé ìwé ìjọ wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Èéfín la kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń kọrin bọ̀ lójú títì, tí wọ́n ń fi àdá ha ilẹ̀. Ọdún 1965 ni, lẹ́yìn ìdìbò tí màgòmágó kún inú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè é ní Wẹ́tìẹ̀, ẹ sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá da epo bẹntiróòlù sí lára, tí wọ́n ṣáná sí, kò bá wọn ṣẹ̀fẹ̀.

Ilé àbúrò mi, Wúràọlá, ni wọ́n lọ. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni Dépò, ọkọ rẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó kí wọ́n fi sọ pé ẹgbẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Dépò fo fèrèsé, ó wọgbó lọ. Wúrà sá wá bá mi ní ilé ìwé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Kí oòrùn tó wọ̀, èmi, òun àti ìyá wa ti rìn dé abà tí bàbá wa fi sílẹ̀ láàárín oko kòkó.

Ẹni tí a bá níbẹ̀, lórí ẹní tó dára jù, ni Sámúẹ́lì, ẹ̀gbọ́n Dépò. Ẹnikẹ́ni kò lé e. Ilé rẹ̀ kò jóná. Ariwo lásán ló gbọ́ tó fi gun kẹ̀kẹ́, tó fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ sínú iná. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, mo sì ń pè é ní bọ̀dá nígbà náà. Mo ti ṣíwọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá gbé omi sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, “Bí a ti ń ṣe nílé la ó máa ṣe níbí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ròyìn fún ẹnikẹ́ni kó tó bọ́jú, kó tó run orín, kí a tó gbálẹ̀.”

Sámúẹ́lì bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá, ogun la wà yìí! Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀?”

“Ṣé ogun ló ní kí ẹnu rẹ máa rùn?”

Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. A ó bọ́jú, a ó kúnlẹ̀, Ìyá á ki wa ní oríkì, a ó gbálẹ̀. Kókò sísun la ń jẹ, tàbí ìbẹ́pẹ dúdú tí a sè láìsí iyọ̀, ṣùgbọ́n a ń jẹ ẹ́ ní àsìkò kan náà lójoojúmọ́. Tí ìbọn bá ń dún lọ́nà títì, ẹ̀gúsí là ń bó. Ìyá ní ọwọ́ tó dilẹ̀ ló ń fa ọkàn lọ síbi tí kò dáa.

Sámúẹ́lì kò bó nǹkan kan. Oríta ló ń lọ ní ìdájí láti kó àhesọ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń kó ìgbín. Ní ọjọ́ kan, a ò tíì dìde lórí ẹní tó fi já wọlé.

“Wúrà! Wúrà! Wọ́n ti dáná sun Dépò!”

Ìyá ní, “Ojú rẹ ló fi rí i?”

“Ẹni tó rí i ló sọ fún ẹni tó sọ fún mi.”

Ìyá gbé igbá omi, wọ́n dà á lé e lórí. “Bọ́jú rẹ, aláìnítìjú.”

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. Wúrà kò sunkún. Ó kọjú sí ògiri, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Kò jẹun àyàfi tí a bá fi sí i lẹ́nu.

Kò pẹ́ tí Sámúẹ́lì fi dé pẹ̀lú okùn. Ó ní orí Wúrà ti dàrú, pé ọkùnrin kan wà lábúlé kejì tó ń de irú wọn mọ́gi, tó sì ń nà wọ́n títí ojú wọn á fi wálẹ̀.

Mo ní, “Bọ̀dá, okùn yẹn, ẹ fi di ẹnu yín.”

“Olùkọ́ tí kò lọ́kọ! Ìyàwó ilé wa ni, kì í ṣe tìrẹ.”

Òótọ́ ni. Ilé ọkọ ló ni ín, ọkùnrin ilé ọkọ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ sì nìyí. Ìyá wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó jẹ́ kí a bó ẹ̀gúsí tó wà nílẹ̀ yìí tán. Tí Wúrà kò bá tíì sọ̀rọ̀ nígbà náà, kó máa mú un lọ. Sámúẹ́lì wo òkìtì ẹ̀gúsí náà, ó gbà.

Láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú ló ti ń jẹ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, kò sì fọwọ́ kan èyí tí a kò tíì bó rí. Kò mọ̀ pé àpò méjì mìíràn wà lábẹ́ àjà. Tó bá ti kọrí sí oríta báyìí, Ìyá á bù sí i.

Lójoojúmọ́ la bọ́jú Wúrà fún un. A fi orín sí i lọ́wọ́. Ìyá á pè é, “Àbẹ̀kẹ́,” wọ́n á ki í títí, wọ́n á dúró de èsì tí kò wá, wọ́n á wá da ẹ̀gúsí sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ ń bó o fúnra rẹ̀. Sámúẹ́lì ń yí okùn rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wo òkìtì tí kò dínkù, kò sì rí nǹkan kan.

Láàárọ̀ kan, Ìyá ki í tán, wọ́n dúró bí ìṣe wọn. Wúrà wo ilẹ̀.

“Ìyá, ṣé ẹ̀gúsí yìí kò lè tán ni?”

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti sunkún. Sámúẹ́lì ní àdúrà òun ló gbà.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba, ìbọn dákẹ́ lọ́nà títì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ń dún sí wa létí fún ìgbà díẹ̀. A ń tẹ́tí sí ohun tí kò sí. Ní ìdájí kan, Dépò yọ láti ọ̀nà Ìjàyè, ó gbẹ bí igi ìdáná. Ó la ẹnu. Wúrà gbọ́wọ́ sókè.

“Ẹ ò tíì bọ́jú.” Ó lọ bu omi wá fún un.

Ìyá ti lọ, Dépò ti lọ. Sámúẹ́lì wà láyé, ó ti di alàgbà. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni ìjọ ní kó wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí ènìyàn ṣe ń pa ọkàn rẹ̀ mọ́ lásìkò wàhálà. Ó sọ ti ààwẹ̀ rẹ̀, ó sọ ti ìgboyà rẹ̀. Kò dárúkọ omi, kò dárúkọ ìgbálẹ̀.

Wúrà kú lọ́dún tó kọjá, lójú oorun. Sámúẹ́lì ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó wá ń gbá ilẹ̀kùn mi ní ìdájí, ó ń pariwo orúkọ mi. Mo ṣílẹ̀kùn, mo nawọ́ sí i pé kó dákẹ́. Mo bọ́jú. Mo run orín. Mo gbá iwájú ilé yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Ìgbà tí mo gbá a tán ni mo tó bi í pé kí ló bá wá.