Ìpè Láàárín Ilá

Ọjọ́ Sátidé kan ní Houston, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ni mo jẹ́ ìpè ẹni tí n kò rí.

Ìparí oṣù kẹjọ ni, oòrùn ọ̀sán gangan ń jó ni. Ìyá mi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì orin ìjọ ní kíṣìnì, wọ́n ní kí n lọ ká ilá lẹ́yìnkùlé. Ìyá àgbà ló di irúgbìn rẹ̀ fún wa nígbà tí à ń bọ̀ wá sí Amẹ́ríkà. Ìyá àgbà ti kú lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn.

Wọ́n ní ilá kì í ga ju onírè lọ, ṣùgbọ́n èyí ga jù mí lọ. Bí mo ṣe ń nawọ́ sí i, ẹnì kan pè mí láàárín ewé: "Àbẹ̀kẹ́!"

Fúnmi ni gbogbo ayé ń pè mí. Ìyá àgbà nìkan ló máa ń fi oríkì pè mí. Kí n tó ronú, mo ti dáhùn: "Mà!"

Atẹ́gùn kò fẹ́. Igi ilá náà rọra tẹ̀ wálẹ̀ síwájú mi, bí ìyá àgbà ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ fún mi nílé kí a tó wá sí Amẹ́ríkà.

Mo sá wọlé, mo sọ fún ìyá mi pé ẹnì kan pè mí láàárín ilá. Wọ́n pa kásẹ́ẹ̀tì.

"Ṣé o jẹ́ ẹ?"

"Rárá, mà."

"Ọpẹ́ ni!"

Ìyá mi kú láìmọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo ń gbin ilá náà báyìí, ṣùgbọ́n n kì í ká a lọ́sàn-án, torí ẹni tí mo dá lóhùn kò tíì sọ ohun tó pè mí fún.