Kọ́kọ́rọ́ Mẹ́ta Ọ̀gá Farabalẹ̀

Orúkọ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ni Ọ̀gá Farabalẹ̀. Bàbá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi fa orúkọ náà. Iṣẹ́ lẹ́tà títẹ̀ ló ń ṣe, nínú yàrá kan ṣoṣo ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta. Tábìlì kan wà níbẹ̀, àga méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń wúkọ́ kó tó pọ ìwé jáde, àti láptọ́ọ̀pù dúdú kan tí igun rẹ̀ ti kán. Ẹni tó fẹ́ kọ̀wé sí onílé rẹ̀, ẹni tó fẹ́ bẹ ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹni tó fẹ́ pín ogún sílẹ̀ kó tó kú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Wọ́n á jókòó, wọ́n á tú ọ̀rọ̀ inú wọn sílẹ̀, òun á sì tò ó kó gún régé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kánjú, á ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, á ní, "Ẹ fara balẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà kò burú. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, mọ ọkọ rẹ̀ dáadáa. Ó ní ọkùnrin yìí lè dúró níwájú àtẹ bàtà láti àárọ̀ dọ̀sán, kó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kó sì fi ògbólógbòó tó wọ̀ lọ rìn padà wálé. "Kì í ṣe ìfarabalẹ̀ ló ń ṣe é," ni ó máa ń wí, "ẹ̀rù kó má lọ ṣàṣìṣe ni." Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Àṣírí ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti kóra jọ sínú láptọ́ọ̀pù yẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ kan, ló kọ́kọ́ ta á lólobó.

"Bùrọ̀dá, páásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ẹnu ọ̀nà nìkan ló ń tì o. Tí ẹnì kan bá tú ẹ̀rọ yìí, tó yọ ibi tí ìwé yín wà, tó fi sínú ẹ̀rọ tiẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa kà. Ètò kan wà tó ń sọ gbogbo inú ẹ̀ di àdììtú. Láìjẹ́ pé èèyàn mọ páásíwọ́ọ̀dù yín, wúruwùru lásán ló máa rí."

Mẹ́ta ló dárúkọ fún un. Èyí àkọ́kọ́ ti wà nínú láptọ́ọ̀pù látọjọ́ tó ti rà á. Kó kàn tàn án ló kù. Ìkejì jẹ́ ọ̀fẹ́, àwọn tó ṣe é sì fi bí wọ́n ṣe hun ún síta gbangba, kí ẹni tó bá lóye lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìkẹta, ilé iṣẹ́ kan ló ń tà á, èèyàn sì lè pè wọ́n bí nǹkan bá yíwọ́.

Ọ̀gá Farabalẹ̀ ra ìwé àjákọ tuntun. Ó fi rúlà fa ìlà sí i, ọ̀wọ́ mẹ́ta gbọọrọ. Lábẹ́ àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti ní ètò náà á fún èèyàn ní nọ́ńbà gígùn kan tó lè fi ṣí ẹ̀rọ bó bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, ó kọ ọ́ pé: Ibo ni nọ́ńbà yìí máa wà? Lábẹ́ ìkejì: Ọ̀fẹ́ ni. Ta ni màá dì mú bó bá bàjẹ́? Lábẹ́ ìkẹta: Bí ilé iṣẹ́ náà bá kógbá sílé ńkọ́? Kò sí ìbéèrè kan níbẹ̀ tí kò dára. Ohun tó sì ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ nìyẹn, nítorí ìbéèrè tó dára kì í jẹ́ kójú ti ẹni tó ń fi í sá fún iṣẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí lórí fóònù. "Bùrọ̀dá, èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sàn ju òfo lọ. Ẹ ṣáà mú ọ̀kan!"

"Fara balẹ̀, ọmọ mi."

Ní oṣù kejì, ó wá ṣe ohun kan tó jẹ́ pé òun nìkan ló lè ronú kàn án. Ó ti gbọ́ pé ètò tuntun náà á máa béèrè páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, àti pé bí èèyàn bá gbàgbé ìyẹn, gbogbo ìwé ti lọ nìyẹn. Ẹ̀rù bà á pé méjì lè dàrú mọ́ òun lórí. Ló bá yọ páásíwọ́ọ̀dù kékeré tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò, kí àyè lè gba ńlá. Ó yọ ilẹ̀kùn onípákó kí ti onírin tó dé, kò sì tíì mọ ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ tí yóò lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìyá Aránṣọ wọlé wá. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti tó ẹni ogójì ọdún, ni wọ́n jọ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní òpópónà kejì. Ìyá jókòó, ó di báàgì rẹ̀ mú lórí itan.

"Lẹ́tà sí ọmọ mi ni," ó ní. "Àmọ́ tí mo bá kú ni kó tó kà á."

Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà rèé. Ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, ilé ẹ̀kọ́ kan lókèèrè kọ̀wé sí ọmọ náà pé àwọn ti gbà á, kó wá kọ́ iṣẹ́ àwòrán ilé yíyà, lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù kẹta tí ọkọ Ìyá Aránṣọ kú ni lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ náà dé. Ìyá ló gbà á lọ́wọ́ onílẹ́tà. Ó wo ṣọ́ọ̀bù tó pa rọ́rọ́, ó ro ti ara rẹ̀, ó sì ki lẹ́tà náà bọ ìsàlẹ̀ àpò tí wọ́n ń kó ègé aṣọ sí. Ọdún méjì gbáko lọmọ fi ń yọjú sẹ́nu ọ̀nà nígbàkúgbà tí onílẹ́tà bá ń kọjá. Lẹ́yìn náà ló mú téèpù ìwọnṣọ, ó fi kọ́ ọrùn, kò sì bọ́ ọ mọ́.

"Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ síwèé," ni Ìyá wí. "Ọmọ yẹn ló ń tún ilé mi ṣe, kò síbi tí mo lè fi í pa mọ́ sí tí ò ní rí i. Ọ̀dọ̀ yín ni kó wà. Ṣé ẹlòmíì ò lè ṣí i?"

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀, Ìyá? Ètò mẹ́ta ni mo yẹ̀ wò, mo sì ti fi èyí tó le jù tì í pa. Bí olè bá gbé e, irin lásán ló gbé."

Irọ́ ni. Kò kà á sí irọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí lọ́kàn tirẹ̀ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yàn tán. Ó ku ìbéèrè méjì péré. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ a máa ka ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe mọ́ ohun tí wọ́n ti ṣe. Ìyá Aránṣọ mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Oṣù méjì tún kọjá. Ọ̀gá ń tún lẹ́tà náà ṣe, ó ń yọ àmì ìdánudúró kan, ó tún ń dá a padà. Láàárín ìgbà yẹn ó gbé ṣòkòtò lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn pé kí wọ́n bá òun ká ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ náà wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bá a ṣàwàdà pé ọ̀gá ń kúrú sí i, òun náà sì rẹ́rìn-ín sí ẹni tí àṣírí rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, ó wọ takisí, ó ń gbé láptọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí ìbéèrè méjì tó kù. Ó gbé báàgì sẹ́bàá ẹsẹ̀, ó ṣí ìwé àjákọ sórí itan, ó ń yẹ ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Bí takisí ti dúró, ó pa ìwé náà dé, ó fi há abíyá, ó sọ̀ kalẹ̀. Takisí ti ṣẹ́ kọ́nà kó tó rántí báàgì. Ó dúró sẹ́bàá títì, ìwé tó fi ń yan kọ́kọ́rọ́ wà lábíyá rẹ̀, ohun tó yẹ kó tì ti lọ.

Ojú tì í débi pé kò lè pariwo. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ìbéèrè kan péré ló bi í.

"Àwọn tó fọ̀rọ̀ pa mọ́ sọ́dọ̀ yín, ẹ ti sọ fún wọn?"

"Jẹ́ kí n fara balẹ̀ wá bí màá ṣe sọ ọ́."

Ìyàwó rẹ̀ kàn wò ó. Ìwò yẹn dùn ún ju èébú lọ. Síbẹ̀, ó jẹ́ kí Ọjọ́ Ẹtì kọjá. Àárọ̀ Àbámẹ́ta ló tó lè fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ, ó ń tún ọ̀rọ̀ tó máa sọ tò lẹ́nu bí ẹni tó ń tẹ lẹ́tà.

Ó wọlé, ó rí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ.

Ìyá Aránṣọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó kọjú sí ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ wà lórí ìdúró, sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ wú.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá," ó ní. "Awakọ̀ takisí kan ló gbé e wá lánàá. Ó ní òun ṣí i kóun lè mọ ẹni tó ni ín, ó sì ṣí wẹ́rẹ́. Lẹ́tà kan ló yọ sí i lójú, àdírẹ́sì wa wà lókè ẹ̀. Ọmọlúàbí ni. Kò tiẹ̀ gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá ti tò láti ilé tú ká. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, tayọ̀tayọ̀ ni ì bá fi wọlé sí i.

"Ẹ̀yin náà mọ̀," ni ọmọ náà wí. Kò gbóhùn sókè. "Mo wọn ṣòkòtò yín, mo bá yín ṣeré, ẹ sì ti mọ̀."

"Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́..."

Ìyá Aránṣọ ló gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò yíjú padà. "Ẹ ní mẹ́ta lẹ yẹ̀ wò. Ẹ ní ẹ ti fi èyí tó le jù tì í. Èwo ni?"

Gíláàsì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí imú, kò tì í sókè. "Ìyá, mi ò tíì mú ìkankan. Irọ́ ni mo pa fún yín. Mo ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò ni."

Kò sẹ́ni tó bú u. Ìyá Aránṣọ kàn mi orí díẹ̀díẹ̀. "Èmi náà ì bá ti sọ fún un tipẹ́," ó ní. "Ojoojúmọ́ ni mò ń wá ọjọ́ tó dára."

Ọmọ náà pa láptọ́ọ̀pù dé, ó gbé e fún un. Ó sì nawọ́ sí ibi tí wọ́n ń kọ́ aṣọ tó ti parí sí, ó mú ṣòkòtò rẹ̀, ó ká a, ó fi lé e. Ó ti ká ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ó sì ti lọ̀ ọ́. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ọ̀gá lẹ́kún nìyẹn.

"Màá pa lẹ́tà yẹn rẹ́ lónìí yìí," ó ní.

"Ẹ má pa á rẹ́ o! Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwèé, kẹ́ ẹ gbé e wá fún mi. Lẹ́tà mi ni. Wọ́n ti gbé ọ̀kan pa mọ́ fún mi rí."

Nígbà tó dé ọ́fíìsì, ó pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò béèrè èwo ló dára jù. Ó ní, "Sọ bí mo ṣe máa tan èyí tó ti wà nínú ẹ̀."

"Ṣé ẹ ti rí i báyìí?"

"Nọ́ńbà gígùn yẹn ńkọ́?"

"Ẹ kọ ọ́ síwèé, kẹ́ ẹ fún ìyàwó yín tọ́jú sílé. Ó tán."

Ìbéèrè tó gbà á ní oṣù mẹ́rin kò gba ọmọ náà ju gbólóhùn kan lọ. Ọ̀gá kọ́kọ́ tẹ lẹ́tà náà síwèé. Ẹ̀rọ wúkọ́, ó pọ ojú ewé mẹ́ta jáde. Ó rí àmì ìdánudúró tó ti ń dà á láàmú, ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ló yan páásíwọ́ọ̀dù, ó kọ nọ́ńbà gígùn sílẹ̀, ó tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀. Ẹ̀rọ sọ fún un pé iṣẹ́ náà á gba ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò tó wákàtí kan. Ó lè ṣe é ní ọ̀sán èyíkéyìí, kó máa mu tíì títí táá fi parí. Ó gbórí lé tábìlì, ìtìjú náà sì mú un láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé etí.

Nígbà tó gbórí sókè, ó fa ọ̀wọ́ mẹ́ta yẹn ya kúrò nínú ìwé àjákọ. Sójú ewé tó tẹ̀ lé e, ó kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wà nínú ẹ̀rọ náà, èèyàn mọ́kànlélógójì, tó gbọ́dọ̀ lọ bá nílé kó sọ fún pé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ó fi lẹ́tà sínú àpòòwé, ó kọ orúkọ ọmọ náà sí i. Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ó tún padà wá tì í wò.

Bàbá onígbàjámọ̀ tó wà níkọ̀rọ̀ rí i tó ń bọ̀, àgbàlagbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré, àpòòwé lọ́wọ́, gíláàsì ń fò nímú. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá! Ẹ fara balẹ̀ o!"

Ọ̀gá kò dáhùn, kò sì dẹ ẹsẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni ẹnì kan ti ń retí onílẹ́tà.