Ọjọ́ Tí Aṣọ Má-kánjú Tú Lára Rẹ̀

Obìnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-kánjú. Bí ẹ bá pè é ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kì í tètè dáhùn. Á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí. Aránṣọ ni. Ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi fa orúkọ náà wálé. Bí oníbàárà bá wọlé tó ń mí hẹlẹhẹlẹ pé ọ̀la lòun fẹ́ gba aṣọ òun, á gbé àga fún un, á ní, "Má kánjú, ọ̀rẹ́ mi. Aṣọ tí a fi ìkánjú rán, ìtìjú la fi ń wọ̀ ọ́. Ṣé o kò rí ẹ̀yìn ìjàpá ni? Ó ní kí wọ́n bá òun ṣe é kíákíá ni. Wo bí ojú ìrán ṣe hàn gbangba títí dòní."

Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á sì jókòó.

Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lórí òkè, lẹ́yìn àtẹ̀gùn tóóró kan. Nísàlẹ̀, ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe máa ń kan ìṣó láti àárọ̀ dalẹ́. Fèrèsé kọjú sí títì, ìmọ́lẹ̀ á sì bọ́ tààrà sórí maṣíìnì tí ọwọ́ ti pa ọ̀dà ara rẹ̀ rẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì ni ère onígi kan dúró sí, kò lórí, kò lápá. Ọkọ Má-kánjú, tó jẹ́ káfíńtà, ló gbẹ́ ẹ fún un nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra. Ẹlòmíì a fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní òrùka. Tirẹ̀ fún un ní obìnrin tí kò lórí. "Mo ti mọ̀ pé ìyẹn ò ní bá ẹ jà," ni ọkọ náà máa ń wí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Tó bá gé aṣọ tán, kì í gbé e sábẹ́ maṣíìnì. Á kọ́kọ́ fi òwú funfun dì í mú, ìrán gbọọrọ gbọọrọ tí ọmọdé pàápàá lè fà tú. Á gbé e kọ́ ère lọ́rùn, á fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, á máa yí i po bí ìyakọ tó ń wá àléébù. "Aṣọ ní ìwà tirẹ̀," á ní. "Bí o kò bá jẹ́ kó hu ìwà náà lára igi, á hù ú lára ènìyàn." Ìgbà tó bá dá a lójú ni maṣíìnì tó fẹnu kàn án, tí òwú funfun á sì di fífà yọ. Nítorí náà, nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, funfun ni àmì. Aṣọ tí funfun bá ṣì wà lára rẹ̀ kò tíì parí. Èyí tí kò bá sí funfun lára rẹ̀ ti ṣe tán. Ojú lásán ni Má-kánjú fi ń mọ̀ ọ́n, kò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Gbogbo ènìyàn ló ń yin iṣẹ́ rẹ̀, àfi ẹnì kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Àwọn òbí wọn tètè kú, ẹ̀gbọ́n yìí ló sì di bàbá, tó di ìyá. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó po ìyẹ̀fun títí apá rẹ̀ fi le bí apá agbẹ́gilódò, kí àbúrò rẹ̀ lè kàwé, kó sì di nọ́ọ̀sì. Àbúrò kàwé títí, ó ku díẹ̀ kó parí, ló bá tẹ̀lé obìnrin aránṣọ kan tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé, kò sì padà mọ́. Ẹ̀gbọ́n kò pariwo. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "O ṣeun. Mo fi ìyẹ̀fun fọ́ ojú tèmi, kí ìwọ lè fi abẹ́rẹ́ fọ́ tìẹ."

Wọn ò bára wọn jà o. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n yìí ló sì wẹ àwọn ọmọ Má-kánjú nígbà tó bí wọn. Ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ tẹ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù yẹn rí, kò sì wọ aṣọ tí àbúrò rẹ̀ rán rí. Aṣọ rírà ló ń wọ̀, èyí tó máa ń fún un léjìká bí ẹni pé aṣọ ọmọ rẹ̀ ló yá. Ojoojúmọ́ ni Má-kánjú ń rán aṣọ tó bára mu fún ẹni tí kò mọ̀ rí, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà sì ń wọ èyí tí kò bára mu kọjá lójú rẹ̀. Ta ni ìyẹn ò ní dùn?

Ó di ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọnà aṣọ ni, àwọn tó máa ń fún àwọn akẹgbẹ́ wọn ní àmì-ẹ̀yẹ lọ́dọọdún. Wọ́n ní wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn fún àmì-ẹ̀yẹ aránṣọ tó ta yọ jù lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Má-kánjú wí, "ẹ wá ẹni tó gọ̀ jù mí lọ, kí ẹ lù ú ní jìbìtì." Ó pa fóònù náà.

Wọ́n tún un pè títí ó fi gbà. Òfin wọn kò le. Aṣọ tuntun tí aránṣọ fọwọ́ ara rẹ̀ rán ni kó wọ̀ wá. Á gun orí pèpéle pẹ̀lú rẹ̀, àwọn onídàájọ́ á wò ó dáadáa, lẹ́yìn náà ni wọn á pe ẹni tó gbégbá orókè. Ó sì lè mú ẹnì kan dání.

Má-kánjú gba ilé búrẹ́dì lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nídìí tábìlì, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ọkọ ẹ ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n bèèrè. "Ṣé òun kọ́ ló yẹ kí o mú lọ ni?"

"Òun gan-an ló ní kí n mú yín lọ."

"Kí ni mo fẹ́ ṣe láàárín àwọn ẹlẹ́gẹ́ yẹn?"

"Ẹ kàn máa jókòó tì mí ni."

Ẹ̀gbọ́n po ìyẹ̀fun síwájú, ó pò ó sẹ́yìn. "Ṣé wọ́n máa ń fún àwọn nọ́ọ̀sì náà nírú ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo kàn bèèrè ni. Mo ti gbọ́. Mà á wá."

Bí Má-kánjú ṣe ń padà lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Kì í ṣe àmì-ẹ̀yẹ ló ń yọ̀ sí. Ohun tó ń wá ni kí ẹ̀gbọ́n òun wo òun lójú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó rí òun, kó má rí nọ́ọ̀sì tó sọnù.

Aṣọ tó yàn dúdú bí ojú ọ̀run tí òjò ṣú sí. Nígbà tó fẹ́ dì í mú, ó rí i pé òwú funfun ń fi irun wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. Ló bá fi funfun sílẹ̀, ó mú òwú dúdú. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ́.

Torí bí ọjọ́ ṣe ń súnmọ́ ni gbogbo ẹni tó ń lọ síbi ayẹyẹ náà ń rántí pé Má-kánjú kì í kọ iṣẹ́. Síìpù tibí takú, ìdí tọ̀hún fún. Kódà ọ̀kan lára àwọn tó ń bá a du àmì-ẹ̀yẹ gbé ṣòkòtò wá kó bá òun gé e kúrú. Bọ̀dá Dìńgí ni wọ́n ń pè é, torí kò sí dìńgí, kò sí fèrèsé, kò sí omi inú garawa tó lè kọjá láì yẹ ara rẹ̀ wò.

"Dìńgí, ìwọ kọ́ ni aránṣọ ni?"

"Àǹtí mi, ta ló ń fárí ara rẹ̀?"

Má-kánjú gé ṣòkòtò rẹ̀ fún un. Ọkọ rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Obìnrin yìí, ṣé abẹ́rẹ́ lo fẹ́ wọ̀ lọ ni?" Má-kánjú ní aṣọ òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Lóòótọ́, ó ti fi maṣíìnì gba iwájú aṣọ náà, ó ti gba ọrùn, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó ku ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nígbà tí obìnrin kan fi ẹkún wọlé, síìpù ti há a mọ́ ẹran ara. Má-kánjú gbé aṣọ tirẹ̀ padà sọ́rùn ère, ó dìde lọ gba ẹlẹ́kún sílẹ̀. Nígbà tó tún bojú wo aṣọ náà, àárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ ni. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Kò sí funfun kankan lára rẹ̀. Ó gbé e wọ̀.

Gbọ̀ngàn náà kún. Àwọn àga tí wọ́n fi aṣọ bò, iná tó ń ta sí ènìyàn lójú, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí bàtà wọn ń dún kò kò kò. Ẹ̀gbọ́n jókòó gbagidi nínú aṣọ rírà rẹ̀, ó di báàgì mú láyà. Wọ́n kọ́kọ́ dá bàbá arúgbó kan lọ́lá, tó ti ń ṣe fìlà láti ìgbà èwe rẹ̀. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò ní ọ̀rọ̀, fìlà lòun ní. Ló bá yọ ọ̀kan lápò, ó dé e fún olùdarí ètò. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n náà pàtẹ́wọ́.

"Bàbá yẹn gbọ́n," ló wí.

Inú Má-kánjú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ìgbà náà ni Dìńgí ń kọjá lọ sí ìjókòó rẹ̀, ó gbáyà síwájú, kọ́là ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sì ká mọ́nú. Dìńgí ara ògiri kì í kúkú fi ẹ̀yìn ènìyàn hàn án. Kí Má-kánjú tó rò ó, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ. Ọwọ́ yẹn ò lè rí kọ́là tó ká kó jókòó jẹ́ẹ́. Dìńgí ga. Má-kánjú nà, ó tún nà sí i, ó tọ́ kọ́là náà bọ̀ sípò.

Fàààrà!

Láti abíyá ọ̀tún dé ìbàdí, ojú ìrán là bí ẹnu.

"Ó ya!" ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Kò ya," ni Má-kánjú wí. "Ó tú ni. Mi ò gbà á pẹ̀lú maṣíìnì. Òwú dúdú... mo rò pé mo ti parí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì."

"Ilẹ̀ ò ní gbé ẹ mì lójú mi. Dìde." Ẹ̀gbọ́n fi apá líle yẹn gbá a mọ́ra, ó fi báàgì dí ihò, ó sì wọ́ ọ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin.

Abẹ́rẹ́ olówùú kì í wọ́n lára aránṣọ. Ọ̀kan wà lábẹ́ ọrùn aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè rán ẹ̀yìn abíyá ara rẹ̀? Ó nà án sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Èmi?"

"Kò sẹ́lòmíì."

Abẹ́rẹ́ wọ àárín àwọn ìka ńláńlá yẹn, ó pòórá. "Níbo ló wà? Ó ti bọ́!"

"Ó wà lọ́wọ́ yín."

"Ìyẹ̀fun kì í sá fún ènìyàn báyìí o!"

"Ẹ má fà á jù, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kó mí."

"Aṣọ ń mí?"

"Bí ìyẹ̀fun yín ṣe ń mí kó tó wú."

Ọ̀rọ̀ yẹn yé ẹ̀gbọ́n. Ó dẹ ọwọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ké, "Yéè! Ó gún mi!"

"Ó máa ń gún èmi náà."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Ẹ̀gbọ́n gba ọwọ́ àbúrò rẹ̀, ó gbé e síbi tí iná wà. Orí ìka náà le kókó, àpá kéékèèké kún un. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ pa á síwá sẹ́yìn, bí ìgbà tó ń wò ó bóyá búrẹ́dì ti jinná. "O ò sọ fún mi rí," ló wí.

"Ẹ ò bèèrè."

Wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀ láti inú gbọ̀ngàn. Ẹ̀gbọ́n fi eyín gé òwú. Ìrán náà rí bí ipa ẹsẹ̀ adìyẹ nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ó di aṣọ mú.

Má-kánjú gun orí pèpéle. Olórí àwọn onídàájọ́, obìnrin kan tó wọ awò ojú, yí i ká. Ó fọwọ́ kan ọrùn aṣọ, ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ òsì, ó mi orí. Ó dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó dúró.

"Ta ló rán ibí yìí?"

Irọ́ wà nílẹ̀ tí ènìyàn lè pa. Má-kánjú ò mú ọ̀kankan. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà. Nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín, nísinsìnyí. Aṣọ mi ò tíì parí tí mo fi wọ̀ ọ́ jáde."

Ẹ̀rín bú. Ẹ̀gbọ́n dìde fùú láàárín èrò. "Èmi rèé! Mi ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rí láyé mi. Èyí tó gún, òun ló rán an. Èyí tó wọ́, èmi ni. Ẹ má fi tèmi dá a lẹ́jọ́!"

Onídàájọ́ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú nù. Ó gbá Má-kánjú mọ́ra níwájú gbogbo èrò. Ṣùgbọ́n òfin lòfin: aṣọ tí kò parí kì í gba àmì-ẹ̀yẹ. Dìńgí ni wọ́n fún. Ó gbá àmì-ẹ̀yẹ náà, ère wúrà kan, mọ́ àyà, ó sì yẹ ojú ara rẹ̀ wò lára rẹ̀.

Nínú takisí tó ń gbé wọn lọ sílé, ẹ̀gbọ́n ń bínú. "Ìdájọ́ wo nìyẹn? Ṣé wọ́n lójú ṣá? Aṣọ ẹ ló dára jù níbẹ̀. Mo wo gbogbo wọn!"

"Òdodo ni wọ́n ṣe, ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ mi ò parí."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ó dára jù, mo ní."

Má-kánjú yíjú sí fèrèsé kí awakọ̀ má baà rí omi lójú rẹ̀.

Ọkọ̀ rìn díẹ̀. Ohùn ẹ̀gbọ́n wálẹ̀. "Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ẹ. Ní ilé búrẹ́dì, nọ́ọ̀sì ni mo sọ fún wọn pé o jẹ́. Láti ọjọ́ yìí wá."

"Hẹ̀n?"

"Wọ́n máa ń ní kí n bi ẹ́ léèrè oògùn ikọ́. Mà á ní o ní kí wọ́n mu omi gbígbóná."

Ẹ̀rín gbé Má-kánjú, ó gbé e débi tó fi di ìhà ọ̀tún rẹ̀ mú kí ìrán má tún là. "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ fún wọn?"

"Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ gan-an. Ṣùgbọ́n mà á sọ òótọ́ fún wọn wàyí. Mà á ní aránṣọ ni ẹ́."

"Wọn ò ní gbà yín gbọ́."

"Wọ́n á gbà nígbà tí wọ́n bá rí i lọ́rùn mi. Wàá rán ọ̀kan fún mi. Kó gba èjìká mi o. Kí n lè gbé apá sókè láì di ẹni ẹ̀sín."

Má-kánjú ti ń wá téèpù nínú báàgì rẹ̀.

"Nínú ọkọ̀?" ni ẹ̀gbọ́n bèèrè.

"Nínú ọkọ̀, kí ẹ tó yí ọkàn padà. Ẹ gbé apá yín sókè."

Ẹ̀gbọ́n gbé e sókè, apá ńlá yẹn sì bo awakọ̀ lójú.

"Ìyá wa, ẹ dákun," ni awakọ̀ ké, "mi ò rí títì mọ́!"

"Rọra máa wà á," ni ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn, kò sì gbé apá náà sọ̀. "Ṣé o ò rí i pé aránṣọ mi ń ṣiṣẹ́ ni?"