Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Ẹgbẹ́ Idà Sọ Di Òkú

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n mi, akólòlò sì ni. Tó bá kan ilẹ̀kùn fún yín, ilẹ̀kùn yẹn ò ní í dún títí ayé. Àmọ́ tó bá fẹ́ kí yín ẹ káàárọ̀, ọ̀sán lè ti pọ́n kó tó parí ẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi òwe kan ṣoṣo yọ ọ́ lẹ́nu: bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Mo kórìíra òwe yẹn. Baba wa ò ní sùúrù dúró gbọ́ kí wọ́n tó kú.

Ibì kan ṣoṣo ló wà tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dà lẹ́nu ẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ilé búrẹ́dì àtijọ́ kan wà ládùúgbò, tí wọ́n ti wó ààrò ẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, àwọn àgbàlagbà kan máa ń pàdé níbẹ̀ láti ṣeré. Wọ́n á jókòó yí tábìlì tí ẹ̀gbọ́n mi kàn fún wọn ká, kálukú á di ẹlòmíì tí kò sí láyé rí. Tíṣà kan ló ń pa ìtàn fún wọn: ẹ ti dé etí odò, afárá ti já, ọ̀tá wà lẹ́yìn yín, kí lẹ fẹ́ ṣe? Wọ́n á ju dáìsì bíi ti lúdò kí wọ́n lè mọ ẹni tó yè. Nínú ìtàn yẹn, ẹgbẹ́ jagunjagun onídà tó ti jọ mulẹ̀ ni wọ́n. Apá-Irin ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀, Apá-Irin kì í sì í kólòlò. Mo ti dúró lẹ́nu fèrèsé gbọ́ ọ rí. Ó ń bá ọba wí, ó ń pàṣẹ fún ọmọ ogun, kò há lẹ́ẹ̀kan. Èmi obìnrin tí kì í tètè sunkún, omi bọ́ lójú mi.

Òun ló gbẹ́ idà igi fún gbogbo wọn. Òun náà ló gbé òfin wá. Tí ẹgbẹ́ bá ń tún ìbúra ṣe, idà kankan ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá bọ́, ó kú. Ẹni tó bá sì ti kú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kí i tàbí dá a lóhùn, títí ẹgbẹ́ á fi dìbò jí i. Wọn ò ní í dá a lóhùn nídìí tábìlì, wọn ò ní í dá a lóhùn nígboro. Mo ní kí ló kan ìgboro nínú eré? Ó ní ìbúra tó bá parí sẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ìbúra.

Onígbàjámọ̀ àdúgbò wa, ọ̀kan lára wọn, ló kọ́kọ́ kú: idà ẹ̀ bọ́. Ó kí ẹ̀gbọ́n mi níwájú ilé wa, ẹ̀gbọ́n mi wò ó bí ẹni ń wo ògiri, ó sì kọjá. Ọkùnrin tó ti ń gẹ irun fún un látọjọ́ táláyé ti dáyé. Mo bú ẹ̀gbọ́n mi débi pé ohùn mi há. Mo ní ẹni tó bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n jí onígbàjámọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Olórí Idà wọn fẹ́ kó lọ sí ìlú mìíràn, ẹni méjì sì ń du ipò ẹ̀: ẹ̀gbọ́n mi àti oníkẹ́míìsì kan tí ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu ẹ̀, tí àánú ò sì débẹ̀ rí. Ọkùnrin yìí ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣèlérí ilé olódi fún aránṣọ, ó ṣèlérí ọkọ̀ ojú omi fún awakọ̀. Ilé tí kò sí níbì kankan, ọkọ̀ tí kò lómi. Wọ́n ń dúpẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́, nítorí ohùn Apá-Irin. Ó sọ fún màmá wa pé, "Wọ́n fẹ́ fi mí jẹ o-o-olórí." Màmá ní àwọn á gbé àga lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì lọ́jọ́ náà, káwọn náà lè gbọ́ ohùn yẹn.

Lọ́jọ́ ìdìbò, màmá ń wẹ̀ kí wọ́n lè tètè lọ. Wọ́n yọ̀ ṣubú, orí wọn gbá símẹ́ǹtì. Inú apẹ̀rẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà ni ẹgbẹ́ máa ń kó fóònù wọn sí, àfi ti oníkẹ́míìsì, torí aláìsàn lè wá a. Òun ni mo pè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, màmá ti ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí wọn."

"Mo ti gbọ́, àbúrò. Màá sọ fún un."

Ó sì sọ fún un. Onígbàjámọ̀ tó wà níbẹ̀ ló ròyìn ẹ̀ fún mi. Ó ní oníkẹ́míìsì fi fóònù sápò, ó jókòó, ó ń mu omi. Ó dúró títí gbogbo wọn fi dìde, tí wọ́n gbé idà lé àtẹ́lẹwọ́, tí ẹ̀gbọ́n mi ń ka ìbúra lọ geere. Ìgbà yẹn ló wá tẹ̀ sí i létí: "Màmá yín ti ṣubú o. Ó jọ pé wọn ò ní í yè é."

Idà bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi sáré jáde.

Kó tó délé, màmá ti dákẹ́. Ẹgbẹ́ náà ti dìbò, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi náà ti kú, àwọn ò ní í jí i. Onígbàjámọ̀ ní kí wọ́n ṣàánú, ìyá ẹ̀ mà ni. Oníkẹ́míìsì bi í pé, "Ta ló ṣòfin? Nígbà tó kàn ẹ́, ṣé ó ṣàánú ẹ?" Onígbàjámọ̀ fúnra ẹ̀ nawọ́ sókè.

Gbogbo wọn wá síbi ìsìnkú. Wọ́n ń kí mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ̀gbọ́n mi dúró tì mí, ó nawọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yà fún ọwọ́ náà bí ẹni ń yà fún ẹ̀ka igi. Oníkẹ́míìsì mi orí sí mi. "Ó mà ṣe o, àbúrò. Pé màmá ò fi ọmọkùnrin sílẹ̀."

Mo ti gbé ọwọ́ láti gbá a létí. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ náà mú.

"Ò-ò-òfin ni," ó ní.

Fún oṣù púpọ̀, tó bá di Sátidé, á lọ dúró níta ilé búrẹ́dì yẹn, á máa gbọ́ ohùn wọn. Níkẹyìn wọ́n jí i. Ẹni tí wọ́n bá jí kì í padà sí orúkọ àtijọ́. Olórí Idà ló máa sọ ẹni tó máa dà, oníkẹ́míìsì sì lolórí báyìí. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi di ìránṣẹ́ tí wọ́n ti gé láhọ́n. Kó máa nu idà, kó máa gbé omi, kó má sọ̀rọ̀. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi á tutọ́ sí i lójú ni. Ó délé tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo bi í pé kí ni wọ́n wá sọ ọ́ dà. Ó fi ìka kan ètè ẹ̀, ó mi orí. Ìbúra rẹ̀ ò parí sẹ́nu ọ̀nà.

Látọjọ́ yẹn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn oníbàárà ẹ̀ ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó yá ju tàtijọ́ lọ.

Nígbà tí màmá pé ọdún kan nílẹ̀, mo mú un lọ sídìí sàréè wọn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, pé kó kàn pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan, "Màmá", kódà kó kólòlò títí ilẹ̀ á fi ṣú, màá dúró. Ó wò mí. Ó yọ aṣọ kékeré kan lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu òkúta sàréè náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ pé kó máa nu idà.