Ohun Tó Ń Mú Àwọn Ọmọ Karmo Borí

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí mo ti wà ní ibùdókọ̀ ní Ìlọrin. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi dé Abuja, wọ́n sì há mi sáàárín ìyá sísanra méjì. N kò ráhùn. Ohun tó ń gbé mi lọ ju ọ̀rọ̀ ìjókòó lọ.

Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ti búra pé bí àwọn ọmọbìnrin tó ń sáré fún wa bá tún gbẹ́yìn, òun yóò fi wákàtí wa kọ́ ìṣirò. Nínú ọmọ mẹ́fà, méjì péré ló ṣì ń wá. Rísí tó yára jù, èmi ni mo fọwọ́ ara mi lé e nítorí pípẹ́. Mo wá gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ tí Àǹtí Bọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ti ń ṣe tíṣà eré ìdárayá ní Karmo, ní Abuja, ń gba ipò kìn-ín-ní lọ́dọọdún. Mo ní n lọ wo pápá wọn.

Lẹ́yìn Ẹ̀gbẹ́, kòtò kan kì í jẹ́ ká gbàgbé èkejì. Ní Lọ́kọ́ja mo fi ẹja odò jẹ iyán, ẹgbẹ̀ta náírà, ẹja náà sì tóbi ju èyí tí à ń rí nílé lọ. Aago mẹ́ta ku díẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ Márúwá já mi sí Karmo.

Pápá kẹ̀! Òkúta àti ewúrẹ́ ló kún ibẹ̀. Tiwa sàn jù ú lọ dáadáa. Àmọ́ ọmọ mẹ́rìndínlógún ń sáré níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láìwọ bàtà.

"Àǹtí, kí làṣírí yín?"

"Láyí, ní sùúrù. Wàá tẹ̀ lé mi lọ tọrọ ọmọ."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kí aago mẹ́rin tó lù, ó ti ní kí àwọn ọmọ náà máa lọ sílé. Ó ra obì gbànja, tí wọ́n ń pè ní goro níbẹ̀, a sì lọ sọ́dọ̀ obìnrin Haúsá kan tó ń dín kósáì, àkàrà tiwa.

"Sànnu, Màmá." Àǹtí kúnlẹ̀. Èdè Haúsá ni wọ́n ń sọ. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi nígbà tó yá. "Ọmọ yín ni mo wá tọrọ, kó wá máa bá wa sáré."

"Kai! Ta ni yóò máa bá mi fọ ẹ̀wà?"

"Aago mélòó lẹ máa ń fẹ́ kó dé?"

"Mẹ́rin."

"Kó tó lù, yóò ti dé. Bó bá pẹ́, èmi ni n ó fọ ẹ̀wà yẹn."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì gba obì.

Lọ́nà, Àǹtí ní, "Àwọn ìyá ló dá aago tí mo fi ń tú àwọn ọmọ sílẹ̀ fún mi. Ìwọ ńkọ́?"

"Mo máa ń kọ lẹ́tà sí wọn pé ọmọ tó bá pẹ́, a ó lé e."

"Lẹ́tà! Ta ló ń fi lẹ́tà tọrọ ọmọ ọlọ́mọ?"

Ojú tì mí. Mo ti ń di ẹ̀bi ru pápá àti bàtà láti ọjọ́ yìí wá.

Ní ọjọ́ kẹta mo padà sílé. N kò sọ báàgì mi kalẹ̀ tí mo fi lọ sílé Rísí. Ìyá rẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́ lójúde. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́.

"Háà, Tíṣà! Ẹ ṣeun fún lẹ́tà yín. Èmi ò mọ̀wé, Rísí ló kà á fún mi. Ó ní ẹ ní òun ń gbìyànjú."

Mo jókòó tì í, mo bá a kó èèpo ẹ̀gẹ́ jọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni mo wí. "Ó ń gbìyànjú gan-an. Aago mélòó lẹ máa ń fẹ́ kó dé?"