Nígbà Tí Ohùn Màdáàmù Há

Ẹni tó bá gba iwájú ilé-ẹ̀kọ́ kan kọjá ní Ìjerò láàárọ̀ yóò ti gbọ́ ohùn Ràhmát Àṣírù kó tó rí géètì. Èdè Faransé ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Kíláàsì rẹ̀ máa ń kún fọ́fọ́, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, ọ̀kadà kì í sì í sinmi níbẹ̀. Bí òjò bá tún wá ń rọ̀ sórí páànù, àfi kó pariwo kí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn tó gbọ́ ohun tó ń wí. Ohùn ló fi ń ṣiṣẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń fi ọkọ́ ṣiṣẹ́. Kò rò ó rí pé ohùn lè gbó.

Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ni. Aṣọ ni ìyá rẹ̀ ń tà níbẹ̀, Kútọnù ló sì ti máa ń lọ rà á nígbà tí Ràhmát wà ní kékeré. Gbogbo ìgbà tí ìyá náà bá ti ọjà dé ló máa ń sọ bí àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe ń fi Faransé bára wọn dúnàádúrà lójú òun, tí òun kò sì gbọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Á wá kọjú sí ọmọ rẹ̀, á ní, "Ìwọ lo máa gbọ́ ọ fún mi." Bàbá Ràhmát fẹ́ kó gbájú mọ́ ilé-kéwú ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ọmọ náà ń ka Kùránì geere, tó sì tún ń ka Faransé mọ́ ọn, ó fọwọ́ sí i. Bó ṣe di olùkọ́ nìyẹn. Ìgbà tó fẹ́ Saheed, tó ń fi takisí kó èrò láàárín Ìjerò àti Aràmọkọ, ló wá fìdí kalẹ̀ sí Ìjerò.

Ìgbà ọyẹ́ ni ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ há. Ó pè é ní òtútù. Ìyá rẹ̀ fi oyin ránṣẹ́ láti Òkè-Ìmẹ̀sí, àwọn ará àdúgbò ní kó máa jẹ orógbó, ó sì jẹ ẹ́ títí gbogbo ẹnu rẹ̀ fi korò. Ohùn náà á padà bí ọ̀sẹ̀ bá parí, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tó wọ kíláàsì tí yóò tún fi lọ. Nígbà tó yá, kò padà dáadáa mọ́. Ràhmát ń bẹ̀rù pé jẹjẹrẹ ni, kò sì sọ ìbẹ̀rù yìí fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ ọ́ fún Saheed.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó dúró níwájú kíláàsì láti kí àwọn ọmọ bó ti máa ń kí wọn. Ó la ẹnu, atẹ́gùn lásán ló jáde. Àwọn ọmọ rò pé eré ni. Wọ́n pariwo "bonjour" lé e lórí. Ó tún gbìyànjú. Nígbà tí wọ́n rí omi lójú rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ṣe é ní ibi. Ó kàn sọ ohun tó rí. "Màdáàmù, ẹ jẹ́ ká gbé yín lọ sí ilé-ìkàwé kẹ́ ẹ lè sinmi," ó ní. "A ó dá Faransé dúró ná. Ta la fẹ́ rí tó máa gbà láti wá kọ́ ọ níbí?"

Ràhmát mi orí, ó sì jáde. Ibi tó ti ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá sáyẹ́ǹsì ni Elijah Akínwùmí ti pè é. Ọkùnrin yìí ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Àgbà ni nílé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó sì ti ń sún mọ́ àtifẹ̀yìntì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ràhmát, jókòó," ó ní. "Mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ láti ọjọ́ yìí. Ohùn kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán. Ẹran ara ló ń gbé e jáde, ẹran ara tó bá sì ń gbo ara wọn lójoojúmọ́, ó di dandan kí wọ́n wú. Dókítà kan ń bọ̀ wá sí Aràmọkọ tó ń ṣe ìwádìí nípa ọ̀fun àwọn olùkọ́. Rédíò ni mo ti gbọ́ ọ. A ó jọ lọ."

Ọkọ̀ Saheed ni wọ́n wọ̀. Akínwùmí ti bẹ olùkọ́ mìíràn kó bá òun mójú tó kíláàsì, nítorí Ràhmát kò lè sọ tẹnu ara rẹ̀, ó sì ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó lè ròyìn bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Nígbà tí wọ́n dé ilé-ìwòsàn ní Aràmọkọ, àwọn olùkọ́ láti ìlú káàkiri ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí kálukú wọn ń họ ọ̀fun. Ràhmát wò wọ́n, ara sì tù ú díẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Tolúlọpẹ́ ni orúkọ dókítà náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi sùúrù sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé pé òun fẹ́ mọ ohun tó ń ba ohùn olùkọ́ jẹ́ nínú kíláàsì aláriwo, àti irú ìrànlọ́wọ́ tó lè ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ilé-ìwòsàn ńlá jìnnà sí. Ó fi okùn tín-ínrín kan tó ní iná àti kámẹ́rà lẹ́nu gba imú Ràhmát wọlé, ó sì yí ojú ẹ̀rọ náà sí wọn kí wọ́n lè rí i. Ràhmát rí inú ọ̀fun ara rẹ̀: ẹran funfun méjì tó ń pàdé, tó ń ya, tí kókó kékeré sì wà létí wọn níbi tí wọ́n ti ń kan ara wọn.

"Ṣé ẹ mọ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ ṣe máa ń le níbi tí èèkù àdá ti ń gbò ó?" Dókítà bi í. "Ohun tó ṣe ọ̀fun yín nìyẹn. Kì í ṣe jẹjẹrẹ."

Ràhmát bú sẹ́kún láìsí ìró kankan. Saheed, tí kò mọ̀ pé ohun tí ìyàwó òun ń rò nìyẹn láti ọjọ́ yìí, di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"A kò ní fi ọ̀bẹ kàn án," Dókítà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹ ó kọ́kọ́ dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ lè máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ o, ìyẹn náà ń dá ọ̀fun lágara. Ẹ máa mu omi dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ ó máa wá bá wa ní Adó kí a lè kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀."

Saheed ní, "Dókítà, ṣé wọ́n tún ń kọ́ àgbàlagbà lọ́rọ̀ sísọ ni?"

"Wọ́n ń kọ́ ọ," Dókítà dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. "Èmi náà kọ́ ọ."

Bí Ràhmát ṣe bẹ̀rẹ̀ sí dákẹ́ nìyẹn. Nílé, ọwọ́ ló fi ń pe Faridah ọmọ rẹ̀. Bó bá ń kírun, ọkàn ló fi ń ké ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó sì dá a lójú pé Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n kò gbà láti lọ sí ilé-ìkàwé. Akínwùmí ló bá a bẹ ọ̀gá àgbà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó gbìyànjú láti kọ́ wọn láìsọ̀rọ̀ wò. Bí kò bá ṣeé ṣe, kò sí ohun tó bàjẹ́." Ọ̀gá àgbà sì gbà.

Ràhmát wọ kíláàsì, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya iṣu. Ó nawọ́ sí i, ó sì fi ọwọ́ sí etí pé òun ń retí. Ọmọ kan ní "uṣu" gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣì fi ọwọ́ sí etí. Lójijì, láti ẹ̀yìn pátápátá, ẹnìkan sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé "igname." Ayọ̀bọ́lá ni, ọmọbìnrin tí Ràhmát kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí látìgbà tó ti ń kọ́ ọ. Ràhmát pàtẹ́wọ́ fún un. Kí agogo tó lù, àwọn ọmọ ti ń bá ara wọn jiyàn ní Faransé tó kún fún àṣìṣe, tó sì dùn ún gbọ́ gan-an.

Bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn ló rí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó fi dákẹ́. Bí Ràhmát kò ṣe sọ̀rọ̀ mọ́, àyè ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ láti sọ tiwọn. Èyí dùn mọ́ ọn, ó sì dùn ún pẹ̀lú, pé bóyá ariwo òun ló ti ń dá wọn lẹ́nu dúró láti ọjọ́ pípẹ́. Ó kọ ọ́ sórí páálí fún Akínwùmí. Ọkùnrin náà kà á, ó rò ó díẹ̀.

"Má kàn gbà á gbọ́," ó ní. "Wádìí rẹ̀."

Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, lẹ́yìn ìdánrawò púpọ̀ ní Adó níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ láti máa fi ikùn gbé ohùn dípò ọ̀fun, Ràhmát wọ yunifásítì fún oyè kejì. Ìbéèrè yẹn ló fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ó mú kíláàsì méjì. Nínú ọ̀kan, olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ bí a ṣe máa ń sọ ọ́. Nínú ìkejì, olùkọ́ ń fi àwòrán àti ọwọ́ ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì sọ Faransé ju àwọn ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Nínú ìwé kíkọ, wọn kò dára jù wọ́n lọ rárá. Ó dun Ràhmát díẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí i náà ló ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n gba iṣẹ́ náà wọlé.

Ohùn rẹ̀ kò tún rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò lè ké sí ènìyàn láti òdìkejì títì mọ́, ó sì ń há díẹ̀ nígbà ọyẹ́. Kò ráhùn. Ó ń fi orúkọ Dókítà Tolúlọpẹ́ sínú àdúà, ó sì máa ń sọ fún Saheed pé bí kì í bá ṣe àìsàn yẹn, òun ì bá ti fẹ̀yìn tì láìgbọ́ ohùn Ayọ̀bọ́lá.

Akínwùmí fẹ̀yìn tì ní tirẹ̀, ó padà sí oko rẹ̀ ní Ìlóro. Ràhmát àti Saheed mú ẹ̀dà iṣẹ́ ìwádìí náà lọ fún un. Bàbá náà fọ ọwọ́, ó wọ awò ojú, ó sì rí orúkọ ara rẹ̀ lójú ewé ìdúpẹ́.

"Ẹ ṣé gan-an, sà," Ràhmát ní. "Ẹ̀yin lẹ mú mi lọ sí Aràmọkọ."

"Ọkọ rẹ ló wakọ̀," Akínwùmí dá a lóhùn. Ó tún ṣí ìwé náà, ó ń kà á lọ títí ìyàwó rẹ̀ fi gbé oúnjẹ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. "Àwọn ọmọ kíláàsì kejì yìí, ṣé o tún dán wọn wò lẹ́yìn tí wọ́n ti ọlidé dé? Báwo la ṣe mọ̀ pé ó dúró sí wọn lórí?"

Ràhmát wo Saheed, ó bú sẹ́rìn-ín. Kò dán wọn wò. Wọ́n jẹun tán, ó sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti bàbá náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jíròrò bí yóò ṣe ṣe é.