Abọ́ Omi Kan Kí A Tó Wọ Abà

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn wọ igbó Odigbo. Owó epo rọ̀bì ń ṣàn nílẹ̀ wa nígbà náà, mọ́tò ń sáré kọjá ní Ore tọ̀sán-tòru, eruku kò sì jẹ́ kí ewé ẹ̀bá ọ̀nà hàn ní àwọ̀ ewé mọ́. Èmi, ọmọ Èkìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ni ìjọba gbé wá síbẹ̀ láti máa fún àwọn ọmọ abà ní abẹ́rẹ́ èéyi. Mọ́tò kì í dé abà. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín, a sì máa ń sun oko lọ́pọ̀ ìgbà kí a tó padà.

Páúdà, dígí àti ìgò lọ́fínńdà ńlá kan ni mo dì sínú àpò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ní nọ́ọ̀sì kì í rùn. Mo da lọ́fínńdà náà sára láàárọ̀. Kí oòrùn tó ga, oyin igbó ti ń lé mi kiri inú oko kòkó, mo ń sá, mo ń ké, àpò ń gbá mi nídìí. Nọ́ọ̀sì àgbà tí a jọ ń lọ, obìnrin Ìkálẹ̀ tó mọ igbó yẹn bí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "òórùn dídùn kọ́ ni ìmọ́tótó. Bí a bá ṣe rìn là á koni. Ìyá ọmọ á kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ kó tó gbé ọmọ fún ọ."

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìmọ́tótó ojú ọ̀nà. A ní aṣọ ọ̀nà, a ní aṣọ iṣẹ́. Ti iṣẹ́ wà nínú ọ̀rá, a kì í tú u àfi tí a bá dé odò tó sún mọ́ abà. A kì í bọ́ sínú odò náà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn omi mu. Abọ́ omi kan là ń bù gòkè: ojú, abíyá, abẹ́, ẹsẹ̀ gbẹ̀yìn. A ó nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbẹ, a ó fi àdí pa á kó má baà bó. Pátá àti aṣọ nǹkan oṣù, ìrọ̀lẹ́ là ń fọ̀ wọ́n. Bí wọn kò bá gbẹ, a ó fi pínnì há wọn mọ́ ẹ̀yìn àpò, a ó ta gèlè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò wọ́n, oòrùn á bá wa gbẹ wọ́n lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì àgbà rọ́ ní abúlé Ajue. Èéyi ti wọ abà kan nítòsí èyí tí à ń lọ, yìnyín tí kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ bàjẹ́ sì ń yọ́ nínú fúláàsì wa. Ó na fúláàsì náà sí mi. Ó ní, "Ìwọ lo máa lọ."

Àgbẹ̀ kan tó ń padà sí abà tí à ń lọ ló ṣamọ̀nà mi. Òjò pa wá. Mo yọ̀ lórí igi afárá, mo ṣubú sínú ẹrẹ̀ dé àyà, fúláàsì nìkan ni mo nà sókè. Nígbà tí a dé etí odò, mo sọ àpò kalẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, yìnyín yín ń yọ́ o!" ni àgbẹ̀ náà wí. "Ta ló máa bá yín wí nítorí ẹrẹ̀?"

Ó kù díẹ̀ kí n gbà fún un. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn ìyá abà yẹn, àtọ̀húnrìnwá tó ń dá oko kòkó olóko, ti kó ọmọ sá pamọ́ fún àwọn tó kọ́kọ́ gbé abẹ́rẹ́ wá. Wọ́n ní àwọn kò lè gbé ọmọ fún ẹlẹ́rẹ̀.

"Ẹ kọjú sọ́hùn-ún, ẹ̀gbọ́n," ni mo wí. Mo bu abọ́ omi kan. Kó tó jẹ obì ẹnu rẹ̀ tán, mo ti wọ aṣọ funfun.

Abà náà dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tí a wọlé, kò sí ọmọ kan níta. Ìyá kan tó pọnmọ yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo bàtà mi, ó wo èékánná mi, ó wo ojú ọ̀run.

"Ṣé mọ́tò ti ń dé ibí ni?"

"Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, mà."

"Nínú òjò yìí?" Ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó wá kọjú sí oko kòkó, ó kígbe: "Ẹ kó wọn jáde o! Eléyìí mọ́!"

Wọ́n kó wọn jáde. Yìnyín kò tíì yọ́ tán nígbà tí mo fún ọmọ tó kẹ́yìn lábẹ́rẹ́. Èéyi padà dé abà yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rí ọmọ kankan gbé lọ.

Nírọ̀lẹ́, ìyá náà gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́ sí balùwẹ̀ tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe. Ọkọ rẹ̀ ti oko dé lákòókò náà, ó na ọwọ́ sí omi bí ẹni tó máa ń kọ́kọ́ wẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ ní sùúrù. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ máa wẹ̀."

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, orúnkún kò gba igbó mọ́. Nígbà míì àwọn ọmọ mi a bi mí pé èwo ló wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ tí mo ṣe, wọ́n rò pé oyè tí mo gbà kí n tó kúrò ni n ó dárúkọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọkùnrin kan ti oko dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, ó jókòó sórí ìtì igi, ó ń dúró kí n wẹ̀ tán, kò sì kùn.